Bàbá, Ẹ Má Fi Ẹsẹ̀ Yín Ṣe Ìdógò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó ojú kan, ẹ kú ara ríro, ẹ kú ọyẹ́ tó ń fẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Mo kí Ìyá Dúró, àbúrò yín, tí wọ́n ń tọ́jú yín láìka gbogbo èébú tí ẹ ń bù wọ́n sí. Mo kí Bàbá Fọkanáísà, ọ̀rẹ́ yín, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí báyìí. Bàbá Fọkanáísà, mo bẹ̀ yín, bí Bàbá bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ má dákẹ́. Bí wọ́n bá na ọ̀pá sí yín, ẹ fi àga yín sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì máa kà á lọ.

Bàbá, èmi Àjàní, àkọ́bí yín, ni. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ ìwé. Ìyá Tíṣà tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Ajíbọ́dé níbí ni wọ́n ń bá mi kọ ọ́. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ burúkú sínú lẹ́tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí tí wọ́n ní àwọn kò ní kọ. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wá sí gbangba. Ẹ̀yin lẹ fà á. Mo pè yín lórí fóònù Ìyá Dúró, ẹ ní kí wọ́n pa á. Mo wá fúnra mi, ẹ wọlé, ẹ fi igi dábùú ilẹ̀kùn. Mo jókòó síta títí oòrùn fi wọ̀, ẹ̀yin náà jókòó sínú. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń bi mí pé ta ni mò ń ṣọ́. Mo fi búrẹ́dì àti oògùn rán ọlọ́kadà sí yín, ẹ dá a padà, ẹ ní kí ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ kì í jẹ búrẹ́dì. Ìwé ìròyìn yìí nìkan ni ohun tí mo mọ̀ tí ẹ kì í kọ etí sí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàbá Fọkanáísà ti ń kà á fún yín, tí ẹ̀yin ń bá àwọn ìjọba jà láti orí àga. Nítorí náà ni mo ṣe wọ inú rẹ̀. Ẹ bá èmi náà jà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹsẹ̀ yín ń jẹrà, ẹ sì ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé yín dé ilé ìwòsàn, àfi bí Àdùkẹ́ àbúrò mi bá kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe lọ́jọ́ ìkórè. Àdùkẹ́ kò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin kò fẹ́ lọ. Ó ti ń pẹ́ jù, Bàbá.

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tí à ń jà sí. Ẹ̀yin àti àwọn àgbà ìjọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, adìẹ wà lọ́wọ́ Ìyá Dúró. Èrò pọ̀ bí eṣú: ará ilé, ará oko, àwọn akọrin tó wá láti Adégbàyí, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ tó ti ìgboro Ìbàdàn wá, àti àwọn tó jẹ́ pé jẹun-jẹun ni wọ́n wá ṣe. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń fọ́nnu fún gbogbo wọn pé Àdùkẹ́, Dókítà yín, ń bọ̀, pé bó ṣe kàwé tó, orúnkún rẹ̀ kò le, yóò kúnlẹ̀ kí olúkúlùkù.

Àdùkẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé kúlà oúnjẹ dání, mo tẹ̀lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí ì bá ti kúnlẹ̀, ó dúró gbọnin bí ẹni tó rí ejò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó yà bàrá, ó gba ilẹ̀kùn àwọn akọrin wọlé. Kò kí yín. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kó tó wọlé, ẹ fi ohùn òkè pe oríkì rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n sì pe ìdílé wa síwájú pẹpẹ, ẹ̀yin ni ẹ ṣáájú, iṣu lórí yín, tí gbogbo ojú ń wo ẹ̀yìn yín bóyá Dókítà ń bọ̀. Kò bọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn òpó, ó sorí kodò. Mo rí ojú yín nígbà tí ẹ sọ iṣu yẹn kalẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá wa kú nìkan ni mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a délé, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, ìdí ni ẹ fẹ́. Ó ní ẹ má bínú, òun kò lè sọ. Ẹ ní ṣé ẹ̀ ń rùn ni. Ó ní rárá. Ẹ ní ṣé agbádá yín ló gbó jù lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ẹ ní ẹkún kì í ṣe èsì. Ẹ wá pa òwe fún un pé ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Ẹ ní láti ọjọ́ náà lọ, bó bá dé ẹnu ọ̀nà yín, kó má wulẹ̀ kí yín kú ilé, nítorí ẹ kò sí nílé fún un.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ fi àdá ṣá ara yín lẹ́sẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ẹ ní kò tó nǹkan. Ẹ fún ewé sí i, ẹ da kẹrosínì lé e, ẹ fi àkísà wé e, ẹ sì padà sí oko. Báyìí, Ìyá Dúró ní ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, pé ọmọ ìka kan ti dúdú bí èédú, pé eṣinṣin ni ó ń kọ́kọ́ kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà yín. Wọ́n mú nọ́ọ̀sì wá láti Àkànrán. Ẹ kò jẹ́ kó sún mọ́ yín, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wò ó láti òkèèrè. Ó ní ó jọ pé àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, pé bí ẹ bá tètè dé ilé ìwòsàn, wọ́n lè rí ẹsẹ̀ náà gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, gígé ni. Bí ẹ bá tún pẹ́ ju ìyẹn lọ, kò parí gbólóhùn náà. Ẹ ní kó lọ sọ fún Dókítà yín pé ẹsẹ̀ yín ń dúró de ẹnu rẹ̀.

Bàbá, ẹ ti máa ń bi mí pé ẹni tó ti kàwé dópin, kí ló tún kù tó ń kọ́. Bí mo ṣe rí i ni mo máa sọ ọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, bó tilẹ̀ ti mọ aṣọ rán, kò jẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ àfi bí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe fírídọ̀mù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ti Àdùkẹ́ rí. Ìwé ti parí, oyè dókítà, ti ìwé kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ títọ́jú ọkàn ènìyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìwé nìkan lé ènìyàn lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbà iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbà á láyè láti dá dúró. Inú ọgbà yunifásítì ni ilé tó ti ń ṣe é wà, ilé kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá sọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Àwọn kan kì í lè sùn. Àwọn kan, bí wọ́n bá ti gbé ìwé ìdánwò síwájú wọn, wọn á gbàgbé orúkọ ara wọn. Bàbá àwọn kan kú, wọn kò rí ẹkún sun. Àwọn mìíràn wà tí ayé ti sú pátápátá, tó jẹ́ pé nítorí ẹni tó jókòó gbọ́ wọn ni wọ́n ṣe wà láàyè títí di òní.

Àdùkẹ́ á jókòó, á gbọ́. Lẹ́yìn náà, òun náà á lọ jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀, ìyá kan tí orí wọn ti funfun. Wọ́n á bi í bó ṣe gbọ́, ibi tó ti yára dá sí ọ̀rọ̀, ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Iṣẹ́ ìdákẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, Bàbá, ọmọ tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn nígbà tó wà ní kékeré. Fírídọ̀mù rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́.

Ẹ ó ní báwo ni èmi tí n kò mọ a yàtọ̀ sí b ṣe mọ gbogbo èyí. Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí màlúù jẹ oko wa tán tí mo ní mo ń lọ, ẹ pè mí ní ìsáǹsá, Àdùkẹ́ ló bá mi wá iṣẹ́ gígé koríko níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó le ni kí oòrùn wọ̀ kí n padà sí yàrá ní Ajíbọ́dé, kí n má rí ẹni tí yóò bi mí pé báwo ni iṣu ṣe ta. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Adégbàyí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ni mo ń rí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún gbogbo ilé tí mo wà, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọ̀kadà kì í jẹ́ kí ènìyàn sọdá. Ọyẹ́ ti la ètè mi. Eruku ti bo gbogbo òdòdó tí mo gbìn, kò yé mi bí ohun ọ̀gbìn ṣe lè wà tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Bí ẹ bá wà níbí, ẹ ó ti fà á tu, ẹ ó sì ti fi ilá sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibi iṣẹ́ náà, mo bá ọgbà ewéko kan tó ga dé èjìká níwájú ilé náà. Mo ní ọ̀lẹ ni ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mú àdá, mo gé e wálẹ̀ dé orúnkún, mo gbá a mọ́ tónítóní, mo dúró tì í, mò ń retí ìyìn. Ọ̀gá Àdùkẹ́ jáde, wọ́n ká ọwọ́ lé orí. Wọ́n ní ewéko yẹn ni aṣọ àwọn tó ń wọlé. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, mo rí i tí àwọn ọmọ náà á dé ojú títì, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà tó ti hàn gbangba, wọ́n á wo àwọn tó ń kọjá, wọ́n á yí padà. Bàbá, n kò tíì bu omi sí iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo bu omi sí ewéko yẹn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó hù.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni ti kíkí. Kí n tó mú àdá níbẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ ìka sí ìwé, wọ́n kà á fún mi. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀, n kò rí i. Bí mo bá pàdé ẹni tó wá síbẹ̀ lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi òkú, n kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kí i. Bó bá kí mi, kí n jẹ́ ẹ. Bí kò bá kí mi, kí n kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nítorí bí mo bá kí i, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bi í pé níbo ni wọ́n ti mọra. Kí ni kó sọ? Mo bá wọn jiyàn. Mo ní ní abà tiwa, ẹni tó bá kọjá láìkí ènìyàn, olè là ń pè é, a sì lè lé e dé odò. Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ń yún òun náà, pé nínú gbogbo ohun tí òun kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kí òun rí ènìyàn kí òun má kí i ló ṣòro jù.

N kò gba òfin náà gbọ́ títí ó fi kàn mí. Mo pàdé ẹnìkan níbìkan. Ìyá Tíṣà ní kí n má sọ ibẹ̀, kí n má sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni náà wà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì rí mi. Bàbá, ṣé ẹ rántí ojú ẹtu tó wà nínú okùn? Ojú yẹn ni mo rí. Ọ̀rọ̀ ìkíni ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo yíjú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná ata tí n kò fẹ́ rà. Ìyá aláta ní kí n sọ iye tí mo fẹ́ san, mo ní mi ò mọ̀, ó ní ṣé orí mi pé. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ojú ẹni náà ti rọ̀, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. N kò kí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo fún un ju ẹ kú ọjọ́ lọ.

N kò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ìyá Tíṣà ti gbé kálàmù sókè, wọ́n ń wò mí. N kò bi Àdùkẹ́, kò sì sọ fún mi. Ohun tó lè mú ọmọ ènìyàn yà lójú ọ̀nà pọ̀. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin ará ìjọ wa tó bá ń gbọ́ èyí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín lójú. Èrò ọjọ́ náà ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣà lọ, àlejò ibẹ̀ sì pọ̀ ju onílé lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń wá ìdí, kó kọ́kọ́ wá bá èmi Àjàní. Gbogbo yín mọ̀ pé n kì í ṣe onísùúrù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí Bàbá mi mọ̀: ọ̀rọ̀ kan lè wà tí ọmọ kò lè sọ fún bàbá rẹ̀, kó má jẹ́ ti ìwà àfojúdi.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Àdùkẹ́ wá bá mi. Ó jókòó sórí ẹní, kò bọ́ bàtà. Ó ní Ìyá Dúró ti sọ ti ọmọ ìka tó dúdú fún òun. Ó ní òun ń lọ sílé, òun á fi ẹnu sí yín létí, òun á sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, kí ẹ lè jẹ́ kí wọ́n gbé yín. Mo ní kó máa lọ. Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín, mo ní kó máa lọ kíákíá. Ó so gèlè, ó jáde, ó dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà wà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó dúró níbẹ̀, ọlọ́kadà kan pè é, òmíràn pè é, kò gun èyíkéyìí. Ó padà wá. Ó ní bí ẹnìkan bá gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun dì í mú, ṣé mo lè fi ọmọ yẹn gba bàbá mi sílẹ̀? Mo bínú sí i. Mo ní ẹsẹ̀ bàbá wa ni à ń sọ, ó ń pa àlọ́ fún mi. Ó ní kí n má bínú. Àwa méjèèjì wá jókòó, a ń sunkún nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ iléèwé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ wa.

Láti ìgbà náà kò jẹun dáadáa mọ́. Mo ń rí i tó ń jáde kúrò nínú yàrá tó ti ń gbọ́ ẹdùn ọkàn ẹlòmíràn, tó ń lọ fi orí ti igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó lọ sinmi ná, nítorí ẹni tí omi ń gbé lọ kò lè na ọwọ́ sí ẹlòmíràn. Wọ́n ní fírídọ̀mù lè dúró. Àdùkẹ́ sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun fẹ́ fi fírídọ̀mù ṣe mọ́, bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ibojì yín ni òun máa gbà dé ibẹ̀. Ọ̀gá náà tilẹ̀ ní àwọn á bá wa wá kúnlẹ̀ fún yín. Mo ní kí wọ́n má wá. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ sí wọn, Ìyá Tíṣà kò sì ní kọ ọ́.

Ìyá wa ló máa ń bẹ̀ yín sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá gun igi orí kunkun lọ. Wọn kò sí mọ́. Èmi ló kù, èmi tó jẹ́ pé igi kan náà ni mo ń gùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tí ó wà láàrin èmi pẹ̀lú yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ejò bù mí ṣán. Mo kéré nígbà náà. Ẹ bá mi létí odò tí ẹ ti ní kí n má dé, mo di ẹsẹ̀ mú. Ẹ bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹ tún bi mí. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ búra pé bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ó fi mí sílẹ̀ fún ejò náà kó wá jẹ ìyókù. Ibi tí ẹ ti ń búra lọ́wọ́ náà ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ní kí n gùn yín lẹ́yìn. Ẹ sáré láti oko dé Àkànrán. Ẹ bú mi láti oko dé Àkànrán. Òógùn yín ń kán sí mi lójú, èébú yín ń wọ̀ mí létí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ yín dì mí mú lábẹ́ itan bí ẹni pé mo jẹ́ ẹyin. Títí di òní, ẹ kò mọ ohun tí mo lọ ṣe létí odò yẹn. N kò sì ní sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn. Bàbá, ẹ kò gbọ́ ìdí. Ẹ gbé mi bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín ni ẹ fẹ́ fi gba ìdí lọ́wọ́ Àdùkẹ́? Ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ìdógò. Àdùkẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ yín ní gbèsè. Ẹkún ló kúkú ń sun.

Òwe tí ẹ pa fún un náà, mo ti rò ó títí nídìí ewéko tí mò ń gé. Ẹni tó ti ìta bọ̀ là ń kí kú àbọ̀. Ṣé kì í ṣe onílé ni òwe yẹn ń bá wí? Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo yín dúró, ẹ ń retí orúnkún ọmọ náà. Ta ni nínú yín tó ní káàbọ̀? Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ tí kò ní jiyàn, ẹ kì bá ti bí mi.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Sátidé tó bá tẹ̀lé kíkà lẹ́tà yìí, èmi àti Àdùkẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí, ẹ̀bi rẹ̀ wà lórí èmi nìkan. Mọ́tò náà kò ní lè kọjá ojú títì nítorí afárá igi tó wọ abà wa kò lè gbé e, ẹsẹ̀ la máa fi wọlé. Àdùkẹ́ á kúnlẹ̀ lójúde, á ní ẹ kú ilé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún, Bàbá. Ẹ ní káàbọ̀. Ẹ má bi í ní ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún Ọlọ́run tó mọ ìdí gbogbo nǹkan.

Bí ẹ kò bá sì lè sọ ọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ fi igi dábùú ilẹ̀kùn, nítorí èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn, mo sì mọ ibi tí ìdè rẹ̀ ti gbó. Mo máa wọlé, mo máa bẹ̀rẹ̀ níwájú yín, mo máa gbé yín pọ̀n dé ojú títì. Ẹ lè máa bú mi bọ̀ lọ́nà. Ẹ lè fi ọ̀pá lù mí lórí. N kò ní sọ̀ yín kalẹ̀.

Ìyá Dúró, ẹ bá wa di aṣọ wọn sínú àpò kan. Bàbá Fọkanáísà, ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn àgbà ìjọ, ẹ ní kí wọ́n fojú fo àṣìṣe wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣáájú yín wọlẹ̀, Bàbá mi. Kí ó jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó jáde ní ìkórè tó ń bọ̀, kí àwa ọmọ yín jó tẹ̀lé yín, kí iṣu yín sì tóbi débi pé èmi ni n ó bá yín rù ú.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní, tí ẹ gbé láìgbọ́ ìdí.